Síkì tuntun tí imú rẹ̀ tẹ̀ sókè: kí ló dé tí ẹyọ kan nínú rẹ̀ fi ń bá mi jà?

Ọmọ_Gwarinpa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwa tí a ní síkì (ohun gígùn pẹlẹbẹ méjì tí a ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè tí omi dídì bò) nínú ilé ní Àbújá kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé a ju mẹ́ta lọ níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, òjò dídì ni n ó máa pe èyí tó rọ̀ bí òwú, yìnyín sì ni n ó máa pe èyí tó ti le bí gíláàsì.

Ní oṣù kẹrin ni mo ra síkì tuntun kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo oríṣi ilẹ̀ tí ènìyàn lè bá pàdé lórí òkè. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, ìbú rẹ̀ lábẹ́ bàtà sì jẹ́ mìlímítà 96. Imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sókè láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwọn oní-síkì ń pè ní rọ́kà, ìrù rẹ̀ náà tẹ̀ díẹ̀, abẹ́ bàtà sì gbé sókè bí ọrun ọdẹ. Èyí tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Kánádà jẹ́ 170, ìbú rẹ̀ kò ju 78 lọ, imú rẹ̀ kò sì tẹ̀ ju ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí ó gún ilẹ̀.

Nínú oṣù keje, mo gbé tuntun yìí lọ sí Afriski, ibi ìṣeré síkì ní Lesotho, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ̀ pé orí òkè Maluti ni, níbi tó ga ju mítà 3,000 lọ, àti pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú òjò dídì ibẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ a máa le gan-an ní òwúrọ̀. Bí mo bá fẹ́ yí sí ọ̀tún, tí gbogbo ara mi wá wà lórí ẹsẹ̀ òsì, síkì òsì náà a gbá ilẹ̀ mú lójijì, a fà mí wọlé ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, bí mo bá sì fẹ́ jáde, kò ní fẹ́ jọ̀wọ́ mi. Èyí tó wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún kò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá ń sáré lọ tààrà, imú méjèèjì a máa gbọ̀n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé mo ní ẹjọ́ kankan í rò.

Ṣé ó gùn jù fún mi ni? Ṣé ibi tí wọ́n de bàtà mọ́ ni kò tọ́? Àbí irú síkì yìí kò bá ilẹ̀ líle mu rárá? Owó tí mo ná sí i kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ tà á kí n tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ mí.

Títí_Kánò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kánò ni mo ń gbé, ooru oṣù kẹrin wa níbí kò jẹ́ kí ènìyàn rántí pé òtútù wà láyé. Kí ni ọmọ Nàìjíríà ń fi síkì ṣe?

Ìyá_Ìbejì_Jabi

Títí, ohun tí ọmọ Nàìjíríà fi ń ṣe ni pé ó ń fi í sọ̀kalẹ̀ òkè. Ní ọdún 2018, àwọn obìnrin wa lọ sí ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní PyeongChang, Simidele Adeagbo sì wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín ni tiwọn, kì í ṣe síkì. Ní 2022, Samuel Ikpefan fi síkì sáré fún Nàìjíríà ní Beijing, bó tilẹ̀ jẹ́ pé síkì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sáré lórí ilẹ̀ gbọọrọ ni tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Ní tèmi, Ski Dubai ni mo ti kọ́ ọ, nínú ilé ìtajà ńlá, níbi tí àwọn ọmọ mi ti ń fi mí ṣẹ̀sín. Síkì àyálò ni mo sì máa ń lò. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi kí ni títẹ̀ sókè yìí wúlò fún, torí n kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi ra síkì gígùn tí apá kan rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀.

Bàbá_Maitama

Ọmọ Gwarinpa, àbúrò mi, mo kí ọ. Ìbéèrè Ìyá Ìbejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí inú rẹ̀ ni ìdajì ìdáhùn tìrẹ wà.

Ẹ gbé síkì àtijọ́ sórí tábìlì tó tẹ́jú. Apá iwájú àti apá ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò kan tábìlì, àárín rẹ̀ yóò gbé sókè. Ìgbà tí ènìyàn bá dúró lé e ni yóò tó tẹ́, tí ìwúwo ara yóò sì pín láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìyẹn ni ó ń jẹ́ kí ó di yìnyín mú. Bí ó bá wá bọ́ sínú òjò dídì tó jìn, imú rẹ̀ a máa fẹ́ rì, ẹni tó wọ̀ ọ́ a sì máa fara ti ẹ̀yìn títí itan yóò fi máa ta á. Shane McConkey, gbajúmọ̀ oní-síkì kan, ni ó rò ó pé nínú òjò dídì tó jìn, síkì ń léfòó ni bí ọkọ̀ lórí omi. Ó tilẹ̀ de bàtà mọ́ síkì orí omi, ó sì fi í sọ̀kalẹ̀ òkè ní Alaska. Láti inú èrò yẹn ni Volant Spatula ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, síkì tí orí àti ìdí rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ọpọ́n. Kò sí ẹni tó lè fi Spatula rìn lórí yìnyín kí inú rẹ̀ dùn, nítorí náà èyí tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ilẹ̀ lónìí jẹ́ àdàlù: wọ́n mú ìtẹ̀sókè sí imú, wọ́n sì fi ọrun sílẹ̀ lábẹ́ bàtà.

Àbúrò mi, ohun tí èyí já sí ni pé 180 rẹ kì í jẹ́ 180 lórí ilẹ̀ líle. Gbé ẹyọ kan sórí tábìlì, jẹ́ kí ẹnì kan tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi tẹ́, kí o wá ti bébà pélébé wọ abẹ́ imú rẹ̀ títí bébà náà kò fi ní lè wọlé mọ́. Sàmì síbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní ìrù. Àárín àmì méjèèjì ni o ń dúró lé nígbà tí o bá ń lọ tààrà. Ìyókù ń dúró de ìgbà tí o bá fi síkì lé ẹ̀gbẹ́, nítorí bí o bá ṣe dà á sí ẹ̀gbẹ́ tó ni etí imú rẹ̀ yóò ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó. Imú tó ń gbọ̀n nígbà tí o ń sáré tààrà ń gbọ̀n nítorí pé kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, kò sì ní oògùn.

Ti ẹyọ kan tó ń jà ni n kò gbà pé rọ́kà ló fà á. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, méjèèjì ni ìbá máa jà. Ṣé o ti pààrọ̀ wọn, kí o wọ ti òsì sí ọ̀tún? Ìdánwò yẹn kò gba kọ́bọ̀, òun ló sì yẹ kó ṣáájú fífi fáìlì irin pọ́n ẹ̀gbẹ́ síkì.

Ọmọ_Gwarinpa

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo pààrọ̀ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ìjà náà tẹ̀lé síkì, ó wá di pé yíyí sí òsì ni ó ń le fún mi.

Ẹnjiníà_Jos

Bí ìjà bá tẹ̀lé síkì, ẹsẹ̀ yín ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, bàtà yín náà sì ti bọ́. Ó ku abẹ́ síkì àti etí irin rẹ̀, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé síkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá ti ṣe tán, ṣùgbọ́n ike abẹ́ rẹ̀ àti àwọn ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè sún kì díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá kúrò lórí ẹ̀rọ. Irin kì í sún kì. Tí ike bá ti lọ sílẹ̀ tí irin sì dúró síbi tó wà, abẹ́ síkì yóò jin bí àwo ìjẹun, yóò wá máa rìn lórí etí méjèèjì bí ọkọ̀ ojú irin lórí irin rẹ̀. Irú rẹ̀ kì í fẹ́ wọ kọ́nà, bí ó bá sì wọ̀ ọ́, kì í fẹ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ike ni ó ga ju irin lọ, òdìkejì ni ẹ ó rí: síkì náà yóò máa yọ̀ kiri lábẹ́ yín bí ọṣẹ, kò ní di nǹkan kan mú.

Ohun kejì ni igun tí wọ́n gé etí náà sí. Ní abẹ́, a máa ń gbé irin kúrò nílẹ̀ ní bí dígírì 1, kí ó má baà gbá ilẹ̀ mú kí ẹ tó fẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́, dígírì 2 ni ó wọ́pọ̀ fún irú síkì yín, àwọn eléré ìje a máa lọ sí 3. Ohun kẹta ni irun irin, ìyẹn ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ìlọ̀ máa ń fi sílẹ̀ ní ẹnu irin. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n yìnyín mọ̀ ọ́n. Ẹ fi òwú nu etí náà láti imú dé ìrù. Ibi tí òwú bá há sí, irun wà níbẹ̀.

Lúgbe_Tuntun

Ṣé ẹ kò kàn lè gbé e fún Màlámù tó ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ kiri Wuse? Ẹgbẹ̀rún náírà kò ní tán lọ́wọ́ yín. Mo tún rò pé bóyá ìdè bàtà náà ni kò le tó, kí ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ sókè.

Bàbá_Maitama

Ọmọ mi, má ṣe méjèèjì. Òkúta Màlámù dára fún ọ̀bẹ àti àdá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń ta jáde lára rẹ̀ yẹn lè ba líle etí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, kò sì sí ohun tí yóò fi di igun dígírì 2 mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nọ́ńbà ìdè bàtà ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ dáadáa. Ìwúwo ènìyàn, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ àti bí ó ṣe ń sáré tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ìlànà àgbáyé ISO 11088 ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń tẹ̀lé, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú síkì sílẹ̀ kí egungun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Ẹni tó bá yí i sókè nítorí pé kọ́nà kò dùn mọ́ ọn ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fún gbèsè tí kò jẹ.

Káfíńtà_Kugbo

Ẹ̀yin ọ̀gá, n kò wọ síkì rí, n kò sì rò pé n ó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ àga àti tábìlì ni mo ń ṣe ní ọjà Kugbo, ọ̀rọ̀ abẹ́ tó jin yìí ni ó jẹ́ kí n dá sí i. Bí a bá fá pákó tán, a kì í fi ojú lásán sọ pé ó tẹ́. Rúlà irin la ń fi dábùú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rúlà ni yóò dúró lé e, a ó wá kọ ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín yọ, àárín ló jin. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ, àárín ló ga. Rúlà ọmọ ilé ìwé kò lè ṣe é o, òun fúnra rẹ̀ kò tọ́. Mo ní èyí tó tọ́. Ẹ gbé síkì náà wá ní Sátidé, n kò ní gba owó, ojú mi ló kàn fẹ́ rí i.

Ọmọ_Gwarinpa

A ti ṣe é. Mo lo bí wákàtí mẹ́ta ní Kugbo, àwọn ọmọṣẹ́ ọ̀gá sì kọ́kọ́ rò pé pákó ìbòrí fèrèsé ni mo gbé wá.

Ìdánwò bébà: imú bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 31, ìrù láti 14, nítorí náà 135 péré ni mo ń dúró lé bí mo bá ń lọ tààrà. Ó yà mí lẹ́nu. Ìdánwò rúlà: ẹyọ kejì tẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ní ara èyí tó ń jà, láti iwájú bàtà lọ sí ibi tí imú ti ń tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín yọ, irin méjèèjì sì ga ju ike lọ, lórí gígùn bí ogójì sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀gá Káfíńtà ni ó fi ìka tọ́ ọ kí n tó gbé ojú sókè. Òwú náà sì há síbi mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ní apá iwájú yẹn kan náà.

Mo fi máákà dúdú kun ẹ̀gbẹ́ etí irin, mo fi òkúta dáyámọ́ńdì sínú ohun ìdímú dígírì 2, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Lára ẹyọ tó dára, gbogbo dúdú náà lọ. Lára èyí tó ń jà, ìdajì dúdú ni ó ṣẹ́kù, ìyẹn ni pé kì í ṣe dígírì 2 ni wọ́n gé e sí láti ilé iṣẹ́. Mo ń fi omi díẹ̀ rin òkúta náà, mo sì ń fà á lọ sí apá kan ṣoṣo, títí dúdú fi tán tí òwú kò sì há mọ́. Abẹ́ tó jin ni n kò fọwọ́ kàn; ẹ̀rọ tó ní òkúta ńlá ló lè lọ̀ ọ́ tẹ́.

Bàbá_Maitama

O ṣe é dáadáa. Kí o tó pa àpótí rẹ dé, fi rọ́bà ìpọ́n dín mímú etí imú náà kù díẹ̀, láti orí títí kọjá ibi tó ti kan ilẹ̀ ní bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, kò sì jẹ́ kí imú gbá nǹkan mú.

Ẹnjiníà_Jos

Bàbá, ẹ forí jì mí, n kò fara mọ́ èyí. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún síkì àtijọ́ tí imú rẹ̀ ń kan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èyí tó tẹ̀ sókè ti gbé imú rẹ̀ kúrò lọ́nà fúnra rẹ̀, 135 ni ó sì kù fún un. Bí a bá tún dín mímú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kù níwájú, kí ni yóò fi di yìnyín mú? Ẹ jẹ́ kó dín mímú kìkì apá tó wà níwájú àmì náà kù, kí ó fi rọ́bà sínú àpò rẹ̀, kí ó sì ṣe ìyókù lórí òkè bí ó bá rí i pé ó pọn dandan. Irin tí a bá ti gé lọ kì í padà.

Bàbá_Maitama

Mo gbọ́. Ojú òkè ni yóò dájọ́ láàárín wa.

Ìyá_Ìbejì_Jabi

Ìda tí wọ́n ń fi kun abẹ́ síkì ńkọ́? Mo rí irú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ń sáré ju gbogbo wọn lọ, kẹ́míkà fluorine ló wà nínú rẹ̀.

Ẹnjiníà_Jos

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mà. FIS, àjọ eré síkì àgbáyé, ti lé e kúrò nínú gbogbo ìdíje rẹ̀ láti àkókò 2023/24, nítorí àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ kì í jẹrà nínú ilẹ̀ àti omi. Ìda lásán tó bá ìwọ̀n òtútù ibi tí ẹ ń lọ mu ti tó.

Ọmọ_Gwarinpa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìda fi ojú mi rí. Mo lo áyọ́ọ̀nù aṣọ, nígbà tí iná kò lágbára. Ìda kò yọ́ dáadáa, mo yí áyọ́ọ̀nù sókè, iná dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, èéfín sì bo ilé ìdáná. Bí ìda bá ti ń rú èéfín, ó ti gbóná jù, ó sì lè jó ike abẹ́ síkì. Mo dúpẹ́ pé n kò dá áyọ́ọ̀nù náà dúró lójú kan. Nísinsìnyí jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tàn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tutù, mo ń fi ike fá a títí yóò fi dà bíi pé kò sí ìda kankan lára rẹ̀, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì parí rẹ̀.

Ọmọ_Gwarinpa (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Johannesburg ní oṣù kẹjọ. Ilé ìtọ́jú síkì kan níbẹ̀ bá mi lọ abẹ́ méjèèjì tẹ́, wọ́n sì gé etí abẹ́ sí dígírì 1. Mo gba ẹnubodè Caledonspoort, mo gun Moteng Pass, mo sì tún dé Afriski. Mo gbé 170 àtijọ́ dání kí n lè fi wọ́n wé ara wọn: òkè kan náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìsọ̀kalẹ̀ kan lórí èyí, ọ̀kan lórí ìyẹn, n kò sì yí ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìjà ti tán. Mo yí sí ọ̀tún, mo yí sí òsì, n kò lè fi ẹsẹ̀ mọ èwo ni ọ̀daràn àná mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn Ẹnjiníà, etí imú níwájú àmì nìkan ni mo dín mímú rẹ̀ kù, rọ́bà náà kò sì jáde nínú àpò mi rárá. Bàbá, ẹ má bínú.

Gbígbọ̀n imú ṣì wà bí ẹ ti sọ. Ohun tó dín in kù ni pé mo dẹ́kun fífi ojúgun ti iwájú bàtà bí mo ṣe ń ṣe lórí síkì àtijọ́. Mo dúró sí àárín gan-an, mo sì ń tètè da síkì sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ti wà lórí ẹ̀gbẹ́, imú a wá ilẹ̀ rẹ̀ rí, a sì dákẹ́. Ní ọ̀sán, nínú òjò dídì tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti dà rú, 170 ń ta mí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tuntun yìí sì ń gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n lórí yìnyín gidi, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ́n omi, 170 àtijọ́ ṣì borí rẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè pọ́n etí irin tí yóò yí ìyẹn padà.

Ìyá_Ìbejì_Jabi

Ẹ kú oríire. Ṣé ẹ ó wá ta 170 náà? Báwo sì ni ẹ ṣe ń tọ́jú wọn di ọdún tó ń bọ̀?

Ọmọ_Gwarinpa

Rárá o, mà, òun ni n ó máa wọ̀ ní òwúrọ̀. Ní ti ìtọ́jú, mo fi ìda tó nípọn kùn wọ́n, mo fi bo etí irin náà kí ọ̀rinrin òjò má baà mú un dípẹtà, n kò sì fá a. Eruku ọyẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá ń fá ìda náà ni èyí yóò bá a lọ. Ẹ má fi wọ́n sínú ọkọ̀ tí ẹ tì pa nínú oòrùn Àbújá.

Káfíńtà_Kugbo

Ọ̀gá, fáìsì onígi tí ẹ ní kí n ṣe fún dídi síkì mú ti wà nílẹ̀. Mo fi rọ́bà inú táyà lẹ ẹnu rẹ̀ kí ó má baà ha á lára. Ẹ tètè wá gbé e, ọmọṣẹ́ mi ti ń fi ẹsẹ̀ àga sínú rẹ̀.